Kí ló dé tí ọba Lasker fi kẹ̀yìn sí ibi tí ogun wà? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí eré ṣẹ́ẹ̀sì kan ní 1914

Eré ta ni, níbo sì ni?

Emanuel Lasker àti Siegbert Tarrasch ló ta á ní St. Petersburg, ní Rọ́ṣíà. Ọmọ Jámánì ni àwọn méjèèjì. Láti 1894 ni Lasker ti jẹ́ ọ̀gá àgbáyé. Dókítà oníṣègùn ni Tarrasch, olùkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní Yúróòpù ń ka ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà láàárín wọn tipẹ́: ní 1892, nígbà tí Lasker ṣì kéré, ó pe Tarrasch níjà, èyí sì ní kó kọ́kọ́ lọ gba ipò kìíní nínú ìdíje ńlá kan ná. Nígbà tí wọ́n wá kojú ara wọn fún oyè àgbáyé ní 1908, Lasker jẹ eré 8, Tarrasch jẹ 3, wọ́n sì ta ọ̀mì 5. Ṣùgbọ́n nínú eré tí à ń wí yìí, Lasker ló fẹ́ kú.

Kí ló ṣẹ́kù lórí ọpọ́n?

Ìwọ̀nba ni. Ọba méjì, pọ́ọ̀nù (ọmọ ogun kéékèèké) mẹ́fà. Ẹ to tiyín kí ẹ lè máa bá wa lọ. Funfun ni Lasker: ọba rẹ̀ wà ní g7, pọ́ọ̀nù rẹ̀ wà ní b2, b3 àti h4. Dúdú ni Tarrasch: ọba ní g4, pọ́ọ̀nù ní a5, b5 àti c5. Lasker ti ta ìgbésẹ̀ ogójì, h4. Tarrasch ti fi ọba bọ́ sí g4 láti fèsì. Ó wá kan Lasker.

Fún ẹni tí kò ta á rí: a dé h ni ìlà tó lọ láti òsì sí ọ̀tún lójú funfun, 1 dé 8 ni láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Pọ́ọ̀nù kì í padà sẹ́yìn. Ti funfun ń gòkè, ti dúdú ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó bá sì dé ìpẹ̀kun di ayaba, ọmọ tó lágbára jù lórí ọpọ́n. Iwájú tààrà ló ń rìn sí, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ iwájú ló ti ń jẹ. Ọba ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síbi tó bá wù ú.

Pọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́ta. Kí wá ni ewu tó wà níbẹ̀?

Iye kọ́ ni ká wò. Àwọn mẹ́ta dúdú fara ti ara wọn, kò sì sí ọba tó ń ṣọ́ wọn. Méjì nínú ti funfun gun ara wọn lẹ́yìn lórí ìlà b, wọn ò lè ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹkẹta, h4, ọba dúdú ti dúró tì í, ó ti fẹ́ jẹ ẹ́. Ọba Lasker nìkan ló lè lọ dá àwọn mẹ́ta yẹn dúró, òdìkejì ọpọ́n ló sì wà.

Kí ló dé tí kò kàn sáré lọ síbẹ̀?

Ohun tí èmi náà ì bá ta nìyẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ta sì ni: ọba sí f6. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ń já sí. Tarrasch ò ní wo h4 rárá. Á ti c5 sí c4. Funfun á fi b3 jẹ ẹ́, dúdú á fi b5 jẹ padà. Ọba funfun á dé e5. Nígbà náà ni dúdú á ti pọ́ọ̀nù yẹn sí c3, á fi fúnni jẹ. Funfun ò lè kọ̀ ọ́, torí bí kò bá jẹ ẹ́, á jẹ b2, á sì di ayaba. Nítorí náà, b2 á jẹ c3. Pọ́ọ̀nù dúdú tó kù á wá gbéra láti a5 sí a4.

Ẹ ka ẹsẹ̀ wò. Ó ku ìgbésẹ̀ mẹ́ta kí pọ́ọ̀nù a4 dé a1. Ọba funfun wà ní e5, òun ló sì kàn. Láti e5 sí d4, sí c3, sí b2: mẹ́ta náà ni, ó sì yẹ kó bá a. Àmọ́ ta ló wà ní c3? Pọ́ọ̀nù funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun síbẹ̀ ni. Ọba ò lè gba orí ọmọ ogun tirẹ̀ kọjá, á ní láti gba d3 yí lọ sí c2, pọ́ọ̀nù dúdú á sì ti di ayaba. Ibi tí adùn eré yìí wà lójú tèmi nìyí. Ọ̀nà ò jìn jù. Ará ilé ló dí i.

Kí wá ni Lasker ta?

Ọba sí g6.

G6 kẹ̀? Ṣé kì í ṣe pé ó tún ń jìnnà sí wọn ni?

Ó jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní g6, ọba ń ṣọ́ h5. Bí dúdú bá gbójú fo pọ́ọ̀nù h yẹn, á bọ́ sí h5 láìséwu, á sì sáré lọ di ayaba tirẹ̀. Nítorí náà, ó di dandan kí Tarrasch lo ìgbésẹ̀ kan láti fi jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ ní h4. Lasker wá gbé ọba sí f5.

Bí a bá fi èyí wé ti àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ á hàn. Nínú ti àkọ́kọ́, nígbà tó kan dúdú láti bẹ̀rẹ̀ ìjẹun rẹ̀ ní c4, f6 ni ọba funfun wà. Báyìí, f5 ló wà, ó sọ̀ sísàlẹ̀ ní ilé kan. Bí Tarrasch bá tún gbìyànjú ọgbọ́n kan náà, ọba funfun á dé e4 dípò e5. Nígbà tí pọ́ọ̀nù a bá gbéra, d3, c2, b2 ni ọba á gbà, kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú c3. Á bá a, dúdú fúnra rẹ̀ ló máa wá wà nínú ewu. Iṣẹ́ pọ́ọ̀nù h ni pé kí wọ́n jẹ ẹ́. Ìgbésẹ̀ kan ni owó tí Tarrasch san fún un.

Báwo ló ṣe parí?

Tarrasch mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ti dí, ó sì fi ọba tirẹ̀ sáré lọ: g3, f2, e3, d3, c2. Ọba Lasker gba e4 àti d5, ó jẹ c5, ó jẹ b5, ó jẹ a5. Ọba Tarrasch jẹ b3, b2 ò sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọ̀mì.

Wọ́n ní Lasker máa ń ṣe ọgbọ́n sí ọkàn ẹni tó ń bá a ta. Ṣé irú rẹ̀ nìyí?

Rárá o. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn bo iṣẹ́ rẹ̀ jù. Ohun téèyàn lè fi ìka kà ni.

Ṣé ó jọ àdììtú ṣẹ́ẹ̀sì ti Richard Réti, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì kan, tí gbogbo ìwé ń yà?

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ní 1921 ni Réti gbé tirẹ̀ jáde: ọba funfun h8, pọ́ọ̀nù c6; ọba dúdú a6, pọ́ọ̀nù h5. Funfun ló kàn, ó sì ta ọ̀mì, bó tilẹ̀ jọ pé kò lè bá h5 láéláé. Ọba gba g7, f6, e5, ó ń lé pọ́ọ̀nù dúdú, ó sì ń lọ gbèjà tirẹ̀ nínú ìrìn kan náà. Dúdú ò lè dá méjèèjì dúró. Àárín eré gidi ni ti Lasker ti ṣẹlẹ̀, ọdún méje ṣáájú.

Ọ̀mì lásán kọ́ nìyẹn? Kí ló tún kù tí wọ́n ń sọ?

Èèyàn mọ́kànlá ló bẹ̀rẹ̀ ìdíje yẹn, márùn-ún ló wọ abala ìkẹyìn, wọ́n sì gbé ààmì abala àkọ́kọ́ wọ ìkejì. Lasker parí pẹ̀lú ààmì 13½, José Raúl Capablanca, ọmọ Kúbà, ní 13. Bí Lasker bá gbé ọba sí f6, tí gbogbo eré yòókù sì lọ bí wọ́n ṣe lọ, ààbọ̀ ààmì tí ọ̀mì yìí fún un ì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, 13 ni òun náà ì bá ní.