Fítámì B kọ́ ló ń fúnni lágbára

"Ó rẹ̀ mí, jẹ́ n lọ gba abẹ́rẹ́ B-complex." Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí, nítorí mo mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e: owó á jáde, ìtọ̀ á pọ́n rúsúrúsú, ẹni náà á sì ní oògùn ti wọlé.

Inú ẹ̀bà, ẹ̀wà àti epo ni agbára wà. Fítámì kò ní kálórì kankan. Ìyẹn kò la ariyanjiyan lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Àkópọ̀ oríṣiríṣi fítámì B ni B-complex. Bí B1, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bá dénú sẹ́ẹ̀lì, ara á sọ ọ́ di TPP. B2 á di FAD, B3 á di NAD, B5 á di coenzyme A. Àwọn wọ̀nyí ló ń bá ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ inú ara yá, ṣiṣẹ́ nígbà tí oúnjẹ bá ń di agbára. Ẹ wo NAD bíi páànù tí lébìrà fi ń ru yanrìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ó gbẹ́rù, ó dà á sílẹ̀, ó padà lófìfo wá gbé òmíràn. Bí lébìrà mẹ́wàá bá ti ní páànù mẹ́wàá, ẹ ra àádọ́ta sí i, yanrìn ò ní pọ̀ sí i. Páànù kan náà ni wọ́n ń lò lálòtúnlò, ìdí nìyẹn tí B1 tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́ kò fi ju nǹkan bíi mílígíráàmù 1.2 lọ.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn ló wá le jù. Àǹtí mi kan gba abẹ́rẹ́ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n máa ń pè mí wá wo ìtọ̀ wọn nínú pó: "Ṣé o rí i? Ó ń ṣiṣẹ́." Àwọ̀ B2 fúnra rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ara ò lò ni kíndìnrín ń dà nù. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, PCV wọn, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 21: ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an.

N ò sọ pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn dókítà rí àwọn aláìsàn ní agbègbè Ìkàrẹ́ tí ara wọn ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́, lásìkò òjò. Ìdin Anaphe ni wọ́n ń jẹ, ìbátan kòkòrò tí a ń rí òwú sányán lára rẹ̀. Ó ní ohun kan tó ń ba B1 jẹ́, iná ìdáná ò sì fi bẹ́ẹ̀ pa á. B1 ni wọ́n fi tọ́jú wọn, ara wọn sì yá. Páànù ló tán lọ́wọ́ tiwọn. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ fún aláboyún tó ń bì láìdáwọ́ dúró, fún ọ̀mutí, tàbí fún ẹni tó ti pẹ́ lórí metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tó lè dín B12 kù.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ jọ̀ọ́, bí àárẹ̀ bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ ní kí wọ́n yẹ PCV àti ṣúgà yín wò kí ẹ tó na apá fún abẹ́rẹ́. Ẹ sì ka ara páálí oògùn tí ẹ ń lò. B6 tó bá pọ̀ lápọ̀jù fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́: àtẹ́lẹsẹ̀ á kọ́kọ́ kú tipiri, ẹni náà á sì tún lọ ra B-complex sí i.