Ìdánwò kóòdù nínú spaCy

spaCy jẹ́ àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ tí àwọn olùṣètò kọ̀ǹpútà ń lò láti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ. Ó ń gé gbólóhùn sí ẹyọ ọ̀rọ̀, ó ń sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ àti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sì ń ṣa orúkọ ènìyàn àti ti ìlú jáde. Matthew Honnibal ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2015. Ilé-iṣẹ́ Explosion, tí òun àti Ines Montani dá sílẹ̀ nílùú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ló ń bójú tó o. Ìdánwò rẹ̀, ìyẹn àwọn kóòdù kéékèèké tí wọ́n kọ láti fi yẹ kóòdù gangan wò, wà nínú fódà tó ń jẹ́ tests. Irinṣẹ́ Python (èdè ìkọ kóòdù) kan tó ń jẹ́ pytest ni wọ́n fi ń ṣe é.

Bí kóòdù ṣe pín sí yàrá yàrá náà ni ìdánwò rẹ̀ ṣe pín. Ohun tó kan tokenizer, ẹ̀yà tó ń gé ọ̀rọ̀, wà ní tests/tokenizer. Ti matcher, ẹ̀yà tó ń wá ọ̀rọ̀ tó bá àpẹẹrẹ kan mu, wà ní tests/matcher. Èdè kọ̀ọ̀kan ní ibùjókòó tirẹ̀ lábẹ́ tests/lang: en ni ti Gẹ̀ẹ́sì, de ni ti Jámánì, yo ni ti Yorùbá. Orúkọ fáìlì àti orúkọ ìdánwò inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi test_ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbàgbé èyí, pytest á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ìdánwò náà kọjá, kò ní pariwo, ẹni tó kọ ọ́ á sì máa rò pé ó ti yege.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdánwò jọ ń lò wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, conftest.py. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe yo_tokenizer sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lò ó kàn máa dárúkọ rẹ̀ ni, pytest á gbé e fún un.

Òfin kan wà tí wọ́n fọwọ́ líle mú: ìdánwò kò gbọdọ̀ gbé módẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ètò tó kọ́ èdè láti inú àpẹẹrẹ púpọ̀, wọlé bí kò bá pọn dandan. Módẹ́ẹ̀lì wúwo, ó sì ń jẹ àkókò, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé èsì rẹ̀ lè yí padà nígbàkígbà tí wọ́n bá tún un kọ́. Ìdánwò tó ní kí módẹ́ẹ̀lì pe Berlin ní ìlú lè kùnà lọ́la láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ba kóòdù jẹ́. Nítorí náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to gbólóhùn ìdánwò: wọ́n á kọ àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sọ irú ọ̀rọ̀ tí kálukú jẹ́ àti èyí tó so mọ́ èwo, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú Doc, àpótí tí spaCy ń kó àyọkà sí, kí ó lè jẹ́ pé ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò nìkan ló máa dáhùn. Ìdánwò tó bá ń falẹ̀ ń gba àmì slow, kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi tí ènìyàn bá fi --slow pè é.

Bí ẹnì kan bá fi ẹjọ́ àṣìṣe sùn, wọ́n á kọ ìdánwò tó máa fi àṣìṣe náà hàn, wọ́n á sì tún kóòdù ṣe títí ìdánwò náà á fi yege. Tẹ́lẹ̀, inú fódà regression ni wọ́n ń kó irú èyí sí, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹjọ́ náà lára orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe àmì kan tó ń gbé nọ́ńbà náà, kí ìdánwò lè jókòó ti àwọn ẹbí rẹ̀ nínú fódà tó bá a mu.

Fáìlì ti Yorùbá, test_text.py, kúrú gan-an. Ìdánwò àkọ́kọ́ gbé àyọkà gígùn kan fún tokenizer, ó sì ka iye ẹyọ tó rí. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ kì í tó: bí tokenizer bá gé ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kó gé, tó sì so méjì tí kò yẹ kó so, iye á ṣì pé. Ìdánwò kejì ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan jọ nọ́ńbà. Ó to ọ̀rọ̀ mẹ́rin, «ení», «ogun», «mewadinlogun» àti «ten», ó ní mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ nọ́ńbà, ìkẹyìn kò jẹ́. Pytest ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìdánwò lọ́tọ̀, kí ó lè hàn gbangba pé èwo ló kùnà.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á rẹ́rìn-ín sí «mewadinlogun», torí kò sẹ́ni tó ń fi mẹ́wàá dín ogún kí ó tó ka ẹ̀wá. «Ogun» láìlámì náà ní tirẹ̀. Kóòdù ń bọ́ àmì ohùn kúrò kó tó fi ọ̀rọ̀ wé àkójọ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí i bí wọ́n bá ń tẹ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbèsè ibẹ̀ ni pé ogun tí wọ́n ń jà náà á di ogún. Ohun tí àkójọ mẹ́rin yìí kò ní ni ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó yẹ kó gba «rárá». Òfin tó bá ń wá «lé» tàbí «dín» láàárín ọ̀rọ̀ kí ó lè dá mọ́kànlélógún àti mẹ́rìndínlógún mọ̀ á pe «ilé» ní nọ́ńbà, «ten» kò sì lè tú u fó.

Yunikóòdù, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ni ìṣòro mìíràn. Lójú òǹkàwé, lẹ́tà mẹ́ta ni «ọjọ́». Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní ìrísí NFC, tó ń pa lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ sí nọ́ńbà kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, Python á kà á sí mẹ́rin, torí kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. Ní ìrísí NFD, tó ń tú lẹ́tà àti àmì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó di mẹ́fà. Àwọn mìíràn tún ń fi ìlà kékeré, U+0329, sí abẹ́ o dípò àmì kíún, U+0323. Ìdánwò tó dára á gbé ọ̀rọ̀ kan náà wá ní gbogbo ìrísí wọ̀nyí, á sì retí ìdáhùn kan náà. A tún lè so àwọn ẹyọ tí tokenizer gé padà pẹ̀lú àlàfo wọn, kí a wò ó bóyá ó bá ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mu láìyẹ̀. SpaCy ṣèlérí èyí fún gbogbo èdè.

Àwọn ohun mìíràn wà tí ẹni tó ń kọ ìdánwò ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pinnu. Ní Gẹ̀ẹ́sì, spaCy ń gé «don't» sí méjì, do àti n't, ìdánwò sì wà tó ń ṣọ́ ọ. «L'ọ́jà» ń kọ́? Ẹlòmíràn á ní ní àti ọjà ni, ẹlòmíràn á ní ẹyọ kan ni, torí «lọ́jà» ni ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ.