Ojúlé Ni Kí Ẹ Fi Mọ Oníbàárà, Kì í Ṣe Ráútà Rẹ̀

Láti Àkóbọ̀ dé Àpẹ́tẹ́ n'Ìbàdàn, ẹjọ́ kan náà ni àwọn tó ń fa íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà wọ ilé onílé máa ń gbé wá. "Oníbàárà mi pààrọ̀ ráútà, kò wọlé mọ́." "Ẹnì kan ló sanwó, ilé mẹ́ta ló ń lò ó." Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń dá oníbàárà mọ̀, wọ́n á ní àdírẹ́sì MAC ni, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lára ráútà. Ráútà olówó pọ́ọ́kú ní ibi tí ènìyàn ti lè tẹ MAC ẹlòmíì sí i! Páásíwọ́ọ̀dù PPPoE (ọ̀nà tí ráútà oníbàárà ń gbà fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù wọlé) nìkan kò sì sàn jù ú lọ, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè sọ ọ́ fún aládùúgbò. Ohun tí kò ṣeé kó lọ ni wáyà tó wọ ilé. Òun ni kí ẹ fún ní nọ́ńbà, kí nọ́ńbà náà jẹ́ VLAN, àmì tí a ń lẹ̀ mọ́ dátà láti ya ti ilé kan sọ́tọ̀ sí ti èkejì.

Àmì VLAN kan ṣoṣo kò kà ju 4094 lọ. Káàdì OLT (ẹ̀rọ yín tí fáíbà ti ń jáde lọ sí ilé onílé) tó ní ihò 16, tí ihò kọ̀ọ̀kan pín sí ilé 64, ti gba ilé 1,024. Káàdì mẹ́rin, ó di 4,096, ó ti fi méjì lé. Ìdí nìyí tí a fi ń to àmì méjì léra: ti ìta ni agboolé, ti inú ni ojúlé. Ẹ fún káàdì kìíní ní Àkóbọ̀ ní 111, èkejì 112. Fún ojúlé, ẹ fi 100 sọ nọ́ńbà ihò di púpọ̀, kí ẹ ro nọ́ńbà ilé mọ́ ọn: ihò 7, ilé 23, 723 nìyẹn. Ihò 16, ilé 64, 1664. Òṣìṣẹ́ tó bá rí 111-723 lójú kọ̀ǹpútà kò ní í bi ẹnikẹ́ni kó tó mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn.

Ẹ má fi ọwọ́ kọ ìlà 1,024 sínú ráútà ńlá yín. Ẹ fún un ní ààlà, òun fúnra rẹ̀ á dá VLAN sílẹ̀ nígbà tí oníbàárà bá kọ́kọ́ kan ìlẹ̀kùn. Lórí Juniper MX, irú ráútà ńlá kan:

set interfaces ge-1/0/0 flexible-vlan-tagging
set interfaces ge-1/0/0 auto-configure stacked-vlan-ranges dynamic-profile AKOBO accept pppoe
set interfaces ge-1/0/0 auto-configure stacked-vlan-ranges dynamic-profile AKOBO ranges 111-111,101-1664
set interfaces ge-1/0/0 auto-configure remove-when-no-subscribers

Ìlà kẹta yẹn ni ọ̀pọ̀ ń bàjẹ́. Wọ́n á kọ "any,any" (nọ́ńbà yòówù), wọ́n á ní ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, bí ilé tí kò nílẹ̀kùn ṣe ń gba àlejò. Ààlà pàápàá kò lè mú gbogbo àṣìṣe: tí ẹni tó ń to OLT bá ṣèèṣì tẹ 732 dípò 723, oníbàárà á wọlé lórúkọ ilé ẹlòmíì, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ìjà owó á fi dé. Ṣùgbọ́n tó bá tẹ 1723 fún ojúlé tàbí 121 fún agboolé síbi tí ààlà wà, kò ní wọlé rárá, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ ó tún un ṣe. Kí "accept" náà má jẹ́ "any" o: ẹ sọ irú ìkésí tí ẹ ń retí.

Tí kò bá sí ẹni tó wọlé rárá, ẹ wo TPID, nọ́ńbà tó ń sọ irú àmì VLAN tó wà lórí dátà. OLT lè máa fi 0x88a8 ránṣẹ́ kí ráútà máa retí 0x8100. Tí WhatsApp bá ń lọ tí fídíò sì há, ẹ wo ìwọ̀n férémù (ìdì dátà kọ̀ọ̀kan): àmì kọ̀ọ̀kan ń fi báìtì 4 kún un, 1518 á di 1526, súwíìṣì àtijọ́ tàbí rédíò kan láàárín ọ̀nà á sì gbé e mì. Nílé oníbàárà, lórí Windows, ẹ tẹ ping -f -l 1464 sí ráútà yín. Ó gbọ́dọ̀ kọjá. 1464 àti báìtì 28 tó wà lórí ìdì náà ni 1492, òpin ohun tí PPPoE lè gbé.

Àwọn ayédèrú ẹnjiníà tó kún Ìbàdàn á ní kí ẹ máa pa ráútà ńlá lóru kó lè sinmi. Kì í rẹ ráútà! Ẹ ó kàn já ẹgbẹ̀rún ènìyàn dànù, gbogbo wọn á jọ padà wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, súwíìṣì tó há férémù ṣì wà níbẹ̀.

Èyí tó le jù kò kan ẹ̀rọ. Abala 38 òfin Cybercrimes Act ti 2015 ní kí ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ oníbàárà àti ìlò wọn fún ọdún 2. Ọlọ́pàá á mú IP kan (àdírẹ́sì tí oníbàárà fi lo íntánẹ́ẹ̀tì) àti aago kan wá lórí ọ̀rọ̀ jìbìtì. Tó bá jẹ́ MAC ni ẹ fi ń dáhùn, ọmọ ọlọ́mọ lẹ ó nawọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí RADIUS (sáfà tó ń yẹ oníbàárà wò kó tó wọlé, tó sì ń kọ ìlò rẹ̀ sílẹ̀) máa kọ NAS-Port-Id, ibi tí oníbàárà gbà wọlé, sílẹ̀, kó ní àmì méjèèjì nínú, pẹ̀lú IP àti àkókò tí ìlò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Kí ẹ sì fi NTP, tó ń mú aago ẹ̀rọ bára mu, to aago ráútà àti ti RADIUS pọ̀. Aago Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣíwájú UTC, aago àgbáyé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń ka UTC tí èkejì ń ka tiwa, ẹni tó lo IP náà ní wákàtí kan ṣáájú tàbí wákàtí kan lẹ́yìn ni wọ́n máa lọ gbé.