Mo ń san owó oṣooṣù, kí ló dé tí fíìmù tí mo fẹ́ràn fi pòórá?

Inú ń bí ọ̀pọ̀ òǹwòran sí àwọn ìkànnì fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé owó ń gòkè, fíìmù tí wọ́n ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́, ìpolówó sì ti ń wọlé síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń rà gan-an.

Ìbéèrè: Fíìmù tí mo wò lóṣù tó kọjá kò sí lórí Netflix mọ́. Ta ló yọ ọ́?

Ìdáhùn: Lọ́pọ̀ ìgbà, àdéhùn ló parí. Fíìmù tí ìkànnì kan kò bá ni, ńṣe ló gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín fún àkókò kan, bí ẹni tó háyà ilé. Ọjọ́ tí àkókò náà bá pé, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í hàn mọ́, àfi tí wọ́n bá tún jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Ilé iṣẹ́ fíìmù Disney dá ìkànnì tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ó sì kó àwọn fíìmù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Netflix. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tí a ti ń rí lójú kan fi wá di ohun tí a ń sanwó sí ojúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí a tó rí i.

Èyí tó dùn mí jù ni ti oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Disney yọ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ kúrò lórí ìkànnì ara rẹ̀ kí ìnáwó rẹ̀ lè dínkù. Àwọn kan lára wọn kò sí lórí DVD, nítorí náà ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ wò wọ́n kò rí ibi tí yóò san án sí.

Ìbéèrè: Tí mo bá rà á pátápátá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ṣé tèmi kọ́ ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe tiyín. Àṣẹ láti wò ó ni ẹ rà, wọ́n sì lè gba àṣẹ náà padà. Ní ìpínlẹ̀ California, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, òfin ti ka á léèwọ̀ kí òǹtajà máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní rírà láìjẹ́ kí oníbàárà mọ̀ kedere pé àṣẹ lásán ni. Òfin náà kò sọ fíìmù di tiwa o; òótọ́ ọ̀rọ̀ nìkan ló fi dandan lé. Ẹ fi èyí wé káàsẹ́ẹ̀tì fíìmù àgbéléwò tí àwọn òbí wa rà: wọ́n yá aládùúgbò, wọ́n fi tọrẹ, kò sì sí ẹni tó wá wọ pálọ̀ wọn láti gbà á padà.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìnáwó rẹ̀ fi pọ̀ tó báyìí ní Nàìjíríà?

Ìdáhùn: Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà jáde. Lọ́dún 2024 nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni Netflix fi owó kún ètò rẹ̀ tó ga jù, láti ₦4,400 sí ₦5,000, lẹ́yìn náà sí ₦7,000. Lẹ́yìn èyí ni dátà, nítorí pé ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ fóònù gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé wákàtí kan tí àwòrán rẹ̀ bá mọ́lẹ̀ kedere (HD) lè jẹ tó 3GB, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ inú àkáǹtì yín tí ẹ sì yan ìwọ̀n tó kéré jù, kò ní ju nǹkan bí 0.3GB lọ.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n wá yà sí?

Ìdáhùn: Ẹ má san owó ìkànnì mẹ́ta pọ̀. Ẹ san ti ọ̀kan, ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ wò, ẹ fagi lé e, kí ẹ tó kọjá sí òmíràn lóṣù tó ń bọ̀.

Fún fíìmù Yorùbá, YouTube ni mo máa ń tọ́ka sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ olóòtú fíìmù wa ti ní ìkànnì tiwọn níbẹ̀, wọ́n sì ń gba ìpín nínú owó ìpolówó. Owó tí ìpolówó ń mú wá láti ara òǹwòran tó wà ní London tàbí Houston sábà máa ń ju ti ẹni tó wà ní Ìbàdàn lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ bá wò ó lórí ìkànnì ẹni tó ṣe é, tí ẹ kò wò ó lọ́dọ̀ àwọn tó jí i dà kọ, ìrànlọ́wọ́ gidi lẹ ṣe. Ẹ yẹ orúkọ ìkànnì náà wò dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà tún lè béèrè bóyá ilé ìkàwé àdúgbò yín wà lórí Kanopy tàbí Hoopla, níbi tí káàdì ilé ìkàwé ti tó láti wo fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi fi DVD ránṣẹ́ láti London, ẹ̀rọ wa ní Ìbàdàn kò gbà á. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó má bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe DVD pín ayé sí agbègbè: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní agbègbè 2, Nàìjíríà wà ní 5, ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì dè mọ́ 5 kò ní ka ti 2. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń gba gbogbo agbègbè, tàbí kí ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí wọ́n tó ra òmíràn. Èyí tí wọ́n bá kọ 0 sí lára ni kò ní ààlà.