Lésà àti abẹ́rẹ́ inú ẹyinjú fún àtọ̀gbẹ tó ti dé ojú

Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń ba àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí rẹ́tínà jẹ́, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ẹyinjú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ a máa tú èròjà VEGF jáde, èròjà yìí a sì mú kí iṣan tuntun hù. Àwọn iṣan náà kò lágbára: wọ́n máa ń ṣẹ̀jẹ̀ sínú ojú, wọ́n sì lè fa rẹ́tínà ya kúrò ní àyè rẹ̀.

Dókítà tó bá lo lésà máa ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jó etí rẹ́tínà káàkiri, bíi ibi tín-ín-tín 1,200 sí 1,600, láìfọwọ́ kan àárín. Awọ tó jó kò béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ mọ́, VEGF á dínkù, iṣan tuntun á sì rọ. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1976 fi hàn pé ó dín ewu ìfọ́jú kù ju ìlàjì lọ. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn ni díẹ̀ nínú ìríran ẹ̀gbẹ́ àti ti òru.

Abẹ́rẹ́, irú bíi bevacizumab, ranibizumab tàbí aflibercept, kì í jó nǹkan kan. Inú ẹyinjú tí wọ́n ti fi oògùn pa ìmọ̀lára rẹ̀ ni wọ́n ń fún un sí, ó sì ń dè VEGF mọ́lẹ̀. Ìwádìí ọdún 2015 rí i pé lẹ́yìn ọdún méjì, ìríran àwọn tó gba ranibizumab kò kéré sí ti àwọn tó gba lésà, ìríran ẹ̀gbẹ́ wọn sì dára jù. Bí àárín rẹ́tínà bá ti wú, abẹ́rẹ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Ṣùgbọ́n agbára oògùn náà kì í pẹ́ tán, nítorí náà oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń fún un ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ti Ọ̀mùò wá sí Adó-Èkìtì ní láti wá owó oògùn, owó ọkọ̀ àti ẹni tí yóò sìn ín, lẹ́ẹ̀kan sí i àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwádìí ọdún 2019 sì fi hàn pé láàrin àwọn tí kò padà wá fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ, ojú àwọn tó gba abẹ́rẹ́ nìkan bàjẹ́ ju ti àwọn tó gba lésà lọ. Fún ẹni tí kò dá lójú pé yóò lè máa padà wá, lésà ló bọ́gbọ́n mu jù, a sì lè fi abẹ́rẹ́ kún un. Nítorí náà, kí aláìsàn sọ bí owó àti ọ̀nà ṣe rí fún dókítà kó tó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́.