Àlọbọ̀ iná: ohun tó já nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà kò dún mọ́

"Ó ti ṣọ́ọ̀tì." Gbólóhùn kan yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná wa ní Òṣogbo fi ń wo gbogbo àrùn. Gílóòbù kò tàn, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Fáànù kọ̀, kò yí, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Àlejò tẹ aago ẹnu ọ̀nà títí, kò sẹ́ni tó gbọ́, òun náà ti ṣọ́ọ̀tì. Onílé á yọwó, wọ́n á ra aago tuntun, wọ́n á so ó mọ́ wáyà àtijọ́, tuntun náà á sì yadi. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tó ṣọ́ọ̀tì níbẹ̀ rárá. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: nǹkan já.

Kí ni ó já? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní sákíìtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà lọ sídìí nǹkan tó sì tún ń gbà padà, èmi ń pè é ní àlọbọ̀ iná, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti ń fajú ro kí n tó sọ ọ́ tán.

Àwọn kan fẹ́ ká máa pè é ní "àyíká iná". Ẹ jọ̀ọ́, àyíká ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Àyíká là ń gbá lọ́jọ́ ìmọ́tótó. Bí ẹnì kan bá ní àyíká iná òun ti bàjẹ́, ṣé oníṣẹ́ iná ni kí n pè fún un ni àbí wolé-wolé? Àwọn mìíràn ní "ìyípo iná". Fáànù ló ń yípo. Wáyà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri kò yípo ibì kankan, kò tilẹ̀ rí róbótó. Àwọn tó ní ká fi "sákíìtì" sílẹ̀ bó ṣe wà ńkọ́? Ẹ lọ sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹ ó rí i pé agbègbè ìjọ ni wọ́n máa rò pé ẹ ń sọ. "Ṣọ́ọ̀tì" fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti fẹ́ máa pè é ní "àbùjá iná", ẹni tó bá sì kà á láìsí àmì ohùn á rò pé iná olú-ìlú ni. Ẹ̀bùrú ni tèmi: iná gba ẹ̀bùrú.

Èyí tó le jù nínú àríwísí ni ti àwọn tó kàwé. Wọ́n ní iná ilé kì í lọ kó sì gba ẹ̀yìnkùlé bọ̀, pé ńṣe ló ń sún síwá sẹ́yìn nínú wáyà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣeun. Kí ni ó ń ṣe nígbà tó bá sún síwá tó tún sún sẹ́yìn, bí kì í bá ṣe àlọ àti àbọ̀? Nọ́mbà 50 yẹn sì ni wọ́n jókòó tì tọ̀sán-tòru ní ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, èyí tó wà níbí ní Òṣogbo. Bó bá yẹ kí ìlú kan mọ orúkọ àlọbọ̀, ìlú wa ni.

Ẹ fi wé Arugbá. Lọ́jọ́ ńlá ọdún Ọ̀ṣun, á gbé igbá jáde láàfin Àtáọ́ja, á dé ojúbọ, ẹ̀yìn náà á padà sáàfin. Ààfin ni ibi tí iná ti ń wá, aago ni ojúbọ. Bí ẹnì kan bá la ẹ̀bùrú kan lẹ́nu ọ̀nà ààfin tí Arugbá gba ibẹ̀ wọlé padà, ó lọ, ó bọ̀, ṣùgbọ́n ẹbọ kò rú. Ẹ̀bùrú iná nìyẹn: agbára tó yẹ kó lu aago á di ooru lára wáyà. Ibi tí iná ti le ju ènìyàn lọ ni pé, bí ọ̀nà àbọ̀ bá gé níbikíbi, kò ní gbéra rárá.

Ìdí nìyẹn tí tẹ́sítà fi ń tan yín jẹ. Yóò tàn níbi tí àlọ dé, kò mọ nǹkan kan nípa àbọ̀. Oníṣẹ́ iná á fi kan wáyà, á ní "iná wà níbẹ̀", á dá aago lẹ́bi. Bí aago yín bá ní tírànsífọ́mà kékeré tirẹ̀ tó ń bu agbára iná kù, tẹ́sítà kò tilẹ̀ ní tàn lára wáyà tó lọ sídìí bọ́tìnnì, bó ti wù kí iná wà níbẹ̀ tó. Mítà ọlọ́wọ́ pupa àti dúdú lẹ nílò, èyí tó lè wọn àlọ àti àbọ̀ pọ̀.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wo ẹ̀yìn aago. Bó bá jẹ́ fólítì 8 sí 24 ni wọ́n kọ síbẹ̀, tírànsífọ́mà kan wà níbì kan tó ń bu fólítì 230 ti iná ilé kù fún un, ẹ lè fọwọ́ kan wáyà bọ́tìnnì láìsí ewu. Bó bá jẹ́ 230 gan-an ni wọ́n so mọ́ ọn, bí ọ̀pọ̀ ilé ti ṣe níbí, ẹ pa iná ilé láti ìdí mítà tó ń ka iná, kí ẹ sì pe ẹni tó mọṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò kan irú yẹn.

Bọ́tìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Òun ló wà níta lójú òjò àti oòrùn. Á dípẹtà, èèrà á kọ́lé sínú rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ fi orí wáyà méjèèjì kan ara wọn. Bí aago bá dún, bọ́tìnnì ló já àlọbọ̀. Ẹ ra bọ́tìnnì, ẹ má ra aago.

Bí kò bá dún, ẹ ṣí aago. Kọ́ìlì kan, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká jọ, wà nínú rẹ̀ tó ń fa ọ̀pá irin kékeré: ẹ tẹ bọ́tìnnì, "dín"; ẹ jùwọ́ sílẹ̀, "dọ́n". Bó bá ń kùn hùùù láìlu nǹkan kan, àlọbọ̀ pé, ọ̀pá náà ló há. Eruku ni, tàbí kòkòrò tó ń fi amọ̀ kọ́lé. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ má ta òróró sí i, eruku á kàn lẹ̀ mọ́ ọn ni.

Bó bá dákẹ́ pátápátá, ẹ fi mítà wọn ẹnu tírànsífọ́mà. Bí iná bá ń wọ ibẹ̀ tí kò sì jáde, ó ti kú. Bó bá ń jáde dáadáa, ó lè jẹ́ wáyà ló gé. Ẹ pa iná, ẹ so orí wáyà méjèèjì pọ̀ nídìí bọ́tìnnì, ẹ tú orí wọn kejì kúrò lára aago, ẹ fi ọwọ́ mítà méjèèjì kàn wọ́n níbẹ̀. Bó bá han "píì", wáyà pé, kọ́ìlì aago ló kù tí ẹ ó fura sí. Bí kò bá han, ẹ wo ibi tí wáyà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèètì, ibi tí wọ́n gbẹ́lẹ̀ fún páìpù omi láìpẹ́, àti òkè àjà tí èkúté ń gbé. Ẹ má gbà fún ẹni tó bá ní gèètì ló jìn jù. Lọ́dún 1831, ní ìlú Albany ní Amẹ́ríkà, Joseph Henry fi iná lu aago nípasẹ̀ wáyà tó gùn ju máìlì kan lọ. Wáyà tín-ín-rín lè mú kí ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n gèètì yín kò rìn láti àná.

Ẹ̀bùrú gidi ní àmì tirẹ̀. Bí wáyà méjèèjì bá kan ara wọn lápá bọ́tìnnì, aago á "dín" lẹ́ẹ̀kan, kò ní "dọ́n" mọ́, kọ́ìlì á máa gbóná títí tí yóò fi jó. Bó bá jẹ́ ẹnu tírànsífọ́mà ni wọ́n ti kan ara wọn, òun ló máa gbóná.

Bọ́tìnnì tó ń tan iná pínníṣín lálẹ́ tún wà. Iná yẹn ń gba inú aago kọjá díẹ̀díẹ̀, kò tó láti lù ú. Bó bá ń tàn, àlọbọ̀ pé. Bó bá kú nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ nu ọ̀pá inú aago.