Ta Ló Di Ṣíbí Mú?

Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n ní Àgbádárìgì: “Ẹ̀mí ló ń darí ìjọ tiwa, a ò ní ìgbìmọ̀ kankan.” Ẹni bá sọ ọ́, àwọn ará á ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìkórè pé, kí wọ́n ṣí ìkòkò ìrẹsì ná. Ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá ìjọ lè ṣe é láìsí ètò, láìsí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́.

Bíṣọ́ọ̀bù, pásítọ̀, alàgbà, akápò: oyè yàtọ̀ láti ìjọ dé ìjọ, gbogbo ayé ló sì mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ ká fò wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6.

Ìjọ Jerúsálẹ́mù ń pín oúnjẹ fáwọn opó lójoojúmọ́. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì wá ń kùn pé wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn. Ìjọ tí ahọ́n iná bà lé lórí ní orí 2 kan náà nìyí o! Kò sí ẹni tí wọ́n pè lólè níbẹ̀. Èrò ló ń pọ̀ sí i, àpọ́sítélì méjìlá ò sì lè máa wàásù kí wọ́n tún máa ṣọ́ ìkòkò. Ibi tí kò ti sí ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ pípín lé lọ́wọ́, ẹni tó sún mọ́ ìkòkò ló ń jẹun. Ìyá Ègùn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí wọ́n ń fi Yorùbá kéde pé kí ará wá gbàwo, á gbọ́ nígbà tó bá ku ìdí ìkòkò.

Kí làwọn àpọ́sítélì ṣe? Wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje tó ní orúkọ rere, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n. Fún oúnjẹ pípín ni o! Àwọn tó ń sọ pé ètò ń pa iná Ẹ̀mí kì í fẹ́ ka ẹsẹ̀ yẹn já. Ẹ wá wo orúkọ wọn: Stefanu, Filipi, Prokoru, Nikanori, Timoni, Parmena, Nikola. Orúkọ Gíríìkì ni méjèèje. Ó jọ pé ìhà tó ń kùn gan-an ni wọ́n gbé ṣíbí lé lọ́wọ́. Ọgbọ́n yẹn kò kéré.

Àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n ńlá létíkun á tètè lóye rẹ̀. Okùn méjì, ìlà èèyàn méjì. Ẹnì kan á wà tí kì í fa nǹkan kan, ojú ló fi ń ṣiṣẹ́; bí apá kan bá yára ju èkejì lọ, á pariwo, torí àwọ̀n tó bá wọ́ ti ṣílẹ̀kùn fẹ́ja. Àlejò á rò pé ọ̀lẹ ni. Ẹ̀yìn náà ni pípín: ti aláwọ̀n, ti ọlọ́kọ̀, ti àwọn tó fa okùn, títí kan ọmọdé tó kàn di ìdí okùn mú. Ọ̀rọ̀ ẹja ti fẹ́ gbé wa lọ, àmọ́ Bíbélì náà ò fi ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀: nínú Jòhánù 21, Jésù tó jíǹde wà létí òkun, ẹja ń yan lórí ẹyín iná, síbẹ̀ ẹnì kan ráyè ka tinú àwọ̀n. 153 ni.

Àgbádárìgì náà rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù September, 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kò pẹ́ tó tún fi gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, William de Graft, àti ìyàwó de Graft ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó gbé e wá ni ìjọ ìbá bá lọ.

Àbùkù kan wà lára ètò yìí ṣá: oyè máa ń pẹ́ ju iṣẹ́ lọ. Wọ́n á fi ẹnì kan jẹ díákónì, wọ́n á dá ańkárá, wọ́n á ya fọ́tò, ṣíbí á sì tún padà sọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ ìkòkò. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, ẹni méjì ló ń dúró ti ìkòkò lọ́jọ́ ìkórè, ọ̀kan ń fi Ègùn pè, èkejì ń fi Yorùbá. Ẹni kẹta di ìwé mú, ó ń ka abọ́ àwọn aláìsàn tí kò lè jáde nílé, kí àwo àkọ́kọ́ tó kan ẹnikẹ́ni lórí àga iwájú.